Ọkọ̀ tó rọ̀ sábẹ́ irin: wíìlì ń yọ̀ lórí òkè, ṣé mọ́tò ńlá la máa rà ni?

Akẹ́rọ_Adó

Ẹ̀yin ọ̀gá àti ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀rọ mẹ́fà ni wá ní Adó-Èkìtì. Iṣẹ́ àṣekágbá wa ni ọkọ̀ kékeré tó ń rìn ní rírọ̀ sábẹ́ irin òkè, irú èyí tó ti ń gbé èèyàn ní Wuppertal, ní Jámánì, láti 1901. Tiwa kò ní gbé èèyàn, àpò iyanrìn ni èrò rẹ̀. Nítorí òkè tó pọ̀ nílùú wa la ṣe ní kí réèlì náà gun òkè 10%, ìyẹn ni pé bó bá lọ mítà kan, á ti gòkè sẹ̀ǹtímítà 10.

Réèlì wa jẹ́ I-beam (irin onírísí lẹ́tà I) IPE 200, mítà 6 méjì tí a so pọ̀ lórí òpó àárín, ó di mítà 12. Wíìlì mẹ́rin ló gbé ọkọ̀ náà, róbà PU (polyurethane, róbà líle) ni, 100 mm, ìbú rẹ̀ 40 mm. Méjì ń rìn lórí ètè ìsàlẹ̀ I-beam (apá pẹrẹsẹ tó yọ síta nísàlẹ̀ rẹ̀) lápá ọ̀tún, méjì lápá òsì. Láti wíìlì iwájú dé ti ẹ̀yìn jẹ́ 400 mm. Mọ́tò iná 24 V, 250 W, méjì, tí jíà inú wọn ti dín ìyípo kù sí 300 ní ìṣẹ́jú kan, ló ń fi ṣéènì yí wíìlì méjèèjì tó wà lẹ́yìn, bíi ti ọ̀pọ̀ ọkọ̀ orí ilẹ̀. Ṣáàfù wíìlì jẹ́ 15 mm. Páìpù onígun mẹ́rin la fi de àpótí èrò mọ́ bógì (férémù tó gbé wíìlì) gbọn-in, kò ní ibi tó ti ń ṣẹ́. Bátìrì UPS 12 V, 7 Ah, méjì wà nísàlẹ̀ àpótí, wáyà 1.5 mm² tó gùn tó mítà 3 ló gba ibẹ̀ dé kọ̀ntírólà, àpótí tó ń darí iná mọ́tò. Gbogbo ẹ̀ pẹ̀lú iyanrìn jẹ́ 120 kg. Ìyára tí a ń wá ni mítà 1.5 ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ rèé. Bí irin bá gbẹ, ó ń gun òkè, ṣùgbọ́n wíìlì máa ń ké nígbà tó bá fẹ́ gbéra. Bí òjò bá ta sí i tàbí ìrì àárọ̀ bá sẹ̀, wíìlì á máa yí lójú kan, ọkọ̀ á sì máa yọ̀ padà. Ìyẹ̀fun róbà ń bọ́ sílẹ̀ láti etí inú wíìlì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, etí òde kò ṣe nǹkan kan. Nígbà mìíràn kọ̀ntírólà á kàn pa ara rẹ̀ bí a bá gbéra láàárín òkè. Bí afẹ́fẹ́ bá sì dé láti ẹ̀gbẹ́, wíìlì apá kan máa ń gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí irin.

A ti ń dá owó láti ra mọ́tò 500 W méjì. Ṣé ìyẹn á yanjú ẹ̀, àbí owó la fẹ́ fi ṣòfò?

---

Ẹ̀gbọ́n_Ìkẹ́rẹ́

Ẹ má ra mọ́tò kankan. Wíìlì tó ń yí lójú kan ti jẹ́rìí fúnra rẹ̀ pé agbára mọ́tò ju bí róbà ṣe lè di irin mú lọ. Bí ẹ bá fi èyí tó lágbára jù sí i, á kàn yára yọ̀ ni.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ìwúwo 120 kg jẹ́ nǹkan bí 1,177 N (Newton, ìwọ̀n agbára títì tàbí fífà). Lórí òkè 10%, ìwúwo náà ń fa ọkọ̀ padà pẹ̀lú 117 N. Ẹ fi 24 N kún un fún ìnira yíyí wíìlì. Bẹ́ẹ̀ ni 141 N ló máa gbé e gòkè lójú ìrìn kan náà. Bí ẹ bá fẹ́ kó gbéra ní 0.5 m/s², 60 N tún wọlé, ó di 201 N. Ní mítà 1.5 ní ìṣẹ́jú àáyá, ìyẹn jẹ́ nǹkan bí 300 W. Ẹ ní 500 W nílẹ̀.

Ibi tí ẹ ti ṣì í ni pé ẹ fi ojú ọkọ̀ orí ilẹ̀ wo ọkọ̀ tó rọ̀. Bí ọkọ̀ bá ń gun òkè lórí ilẹ̀, ẹ̀yìn ni ẹrù ń sún lọ, ìdí nìyẹn tí táyà ẹ̀yìn fi ń di ilẹ̀ mú dáadáa. Ọkọ̀ tó rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀, òdìkejì rẹ̀ gan-an ló ń ṣe. Ẹ ya àwòrán rẹ̀ sórí ìwé: ẹ fa réèlì ní dídagẹ̀rẹ̀, ẹ wá fa ìlà tó dúró ṣánṣán sí réèlì láti àárín wíìlì méjèèjì wá sísàlẹ̀, níbi tí àárín ìwúwo wà. Ẹ kò sọ bó ṣe jìnnà sí ètè I-beam tó, ṣùgbọ́n fún àpótí tó tóbi báyìí màá fi sí 600 mm. Nítorí pé ẹ ti de àpótí náà gbọn-in, àárín ìwúwo yìí á ti sún sí apá òkè pẹ̀lú 60 mm. Nínú 400 mm tó wà láàárín wíìlì iwájú àti ẹ̀yìn, 60 mm kì í ṣe kékeré: wíìlì méjì apá òkè ń gbé 65% ẹrù, ìyẹn nǹkan bí 760 N, wíìlì méjì apá ìsàlẹ̀ ń gbé 410 N péré. Ìka ò dọ́gba, ẹ sì lọ gbé iṣẹ́ fún ìka kékeré.

Ìdìmú wíìlì jẹ́ ìdá kan nínú ẹrù tó wà lórí rẹ̀. Fún róbà PU lórí irin gbígbẹ, ẹ fi 0.5 ṣírò; fún irin tútù, ẹ má fi ju 0.2 lọ. Ní wíìlì ẹ̀yìn, 410 × 0.5 jẹ́ 205 N. Ó ju 141 lọ, ló ṣe ń gun òkè nígbà tó bá gbẹ. Ṣùgbọ́n lásìkò ìgbéra ẹrù tún ń sún síwájú sí i, ẹ̀yìn á kù sí nǹkan bí 320 N, ìdìmú á di 160 N, nígbà tí ẹ nílò 201. Igbe tí wíìlì ń ké nìyẹn. Bó bá tutù, 410 × 0.2 jẹ́ 82 N, kò lè dá ọkọ̀ náà dúró lójú kan pàápàá.

Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́: ẹ yí bógì náà padà kí mọ́tò bọ́ sí apá òkè. Kò ná yín ní nǹkan kan. Bó bá ń sọ̀ kalẹ̀ pàápàá, apá òkè yẹn náà ló ṣì máa gbé ẹrù, torí ọkọ̀ yín ń lọ ó ń bọ̀ ni, kò yí orí padà.

Ìyẹn nìkan kò tó fún òjò. 760 × 0.2 jẹ́ 152 N: á gun òkè, ṣùgbọ́n kò ní lè gbéra dáadáa. Ohun kejì ni kí ẹ fi wíìlì kékeré méjì sábẹ́ ètè I-beam, ní ìsàlẹ̀ wíìlì tí mọ́tò ń yí gan-an, kí sípíríǹgì máa tì wọ́n sókè, kí ètè náà há sáàárín wíìlì òkè àti ti ìsàlẹ̀. 300 N lápá ọ̀tún, 300 N lápá òsì. Ẹrù orí wíìlì mọ́tò á di 1,360 N, ìdìmú nínú òjò á di nǹkan bí 270 N. Wíìlì tuntun náà á fi bíi 24 N kún ìnira yíyí, gbogbo ohun tí ẹ nílò á di 225 N, àyè sì ṣì wà.

Ẹ ṣọ́ irú sípíríǹgì tí ẹ máa rà. Èyí tó gùn tó sì rọ̀ ni kí ẹ wá, bíi 15 N fún mm kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fún un wọlé ní 20 mm. Bí róbà bá jẹ tó mm kan, 15 N péré lẹ pàdánù. Bó bá jẹ́ èyí tó le, 100 N fún mm kan, tí ẹ fún wọlé ní 3 mm, mm kan tó bá jẹ ti gba ìdá mẹ́ta agbára náà lọ. Àwọn tó ń ta sípíríǹgì àlòkù kì í mọ iye agbára rẹ̀. Ẹ gbé ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ara sábẹ́ dírílì orí tábìlì, ẹ gbé sípíríǹgì lé e, ẹ fi ọwọ́ dírílì tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀ ní 20 mm, ẹ ka ìwọ̀n. 30 kg ni ẹ ń wá.

---

Tọ́nà_Ìjìgbò

Ẹ̀gbọ́n ti sọ ti agbára. Ìyẹ̀fun róbà yẹn, ọ̀rọ̀ tiwa nìyẹn.

Ẹ mú fáníà, ẹ wọn I-beam yín. Ètè IPE 200 fẹ̀ tó 100 mm, irin àárín tó dúró nípọn 5.6 mm. Ṣùgbọ́n igun tí méjèèjì ti pàdé kì í ṣe igun gígé, ó tẹ̀ kọrọdọ ní 12 mm. Bẹ́ẹ̀ ni pé láti àárín gbùngbùn I-beam, ibi tó tẹ́ pẹrẹsẹ kò bẹ̀rẹ̀ àfi ní nǹkan bí 15 mm, ó sì parí ní 50 mm. 35 mm péré ni ojú ọ̀nà yín. Wíìlì 40 mm kò lè wọ ibẹ̀ láéláé. Etí inú rẹ̀ ti gun kọrọdọ yẹn, ibẹ̀ ló ń jẹ, ìyẹn ló sì ń lọ̀ di ìyẹ̀fun. Ó tún ń gbé wíìlì sókè díẹ̀ kúrò lórí ibi pẹrẹsẹ, tó jẹ́ pé ìdìmú tí Ẹ̀gbọ́n ń ṣírò kò pé.

Ẹ gbé wíìlì lọ sórí léètì, ẹ dín ìbú rẹ̀ kù sí 28 mm. Ẹ wá gbé e kí àárín rẹ̀ wà ní 32 mm sí àárín I-beam: á bẹ̀rẹ̀ láti 18 mm dé 46 mm, kò kan kọrọdọ, kò sì yọ sí etí. Ẹ gé etí rẹ̀ méjèèjì ní dídagẹ̀rẹ̀ bíi 2 mm. Róbà PU kò fẹ́ ọ̀bẹ tó kú: bí ó bá gbóná á máa fà, kò ní gé. Ọ̀bẹ HSS (irin líle tí wọ́n fi ń gé irin) tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ́n ni, kí ẹ sì máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹ má fún ọwọ́ léètì mọ́ orí róbà, irin inú rẹ̀ ni kó dì mú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á jáde ní onígun.

Ṣáàfù 15 mm yẹn, ẹ yọ ọ́. Irin àárín I-beam kò jẹ́ kí ṣáàfù kan ṣoṣo la ọ̀tún já sí òsì, wíìlì yín kọ̀ọ̀kan wà lórí ṣáàfù tó yọ ọrùn síta lápá kan ni. Bí sípíríǹgì bá ti wọlé, wíìlì mọ́tò kan á máa gbé 680 N. Bí ọrùn rẹ̀ bá gùn ní 60 mm láti béárìn, títẹ̀ tó wà lára ṣáàfù 15 mm jẹ́ nǹkan bí 123 MPa (ìwọ̀n bí agbára ṣe ń ni irin lára tó), tó ń yí padà lẹ́ẹ̀kan ní gbogbo ìyípo. Ẹ fi ojú kíì (irin kékeré tó so wíìlì mọ́ ṣáàfù) tí ẹ gbẹ́ sí i kún un: kì í ṣe lọ́jọ́ kan ló máa ṣẹ́, á là díẹ̀díẹ̀ láti igun ojú kíì, ọjọ́ tó bá wù ú ni á já. Ṣáàfù 20 mm sọ ọ́ di 52 MPa. Béárìn 6204-2RS ló máa bá a mu, 20 × 47 × 14, ẹ̀dà tó ní róbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì ni kí ẹ rà nítorí eruku ọyẹ́. Kíì rẹ̀ jẹ́ 6 mm. Ibi tí ṣáàfù bá ti yí ìwọ̀n padà, ẹ má gé e ní igun mímú, ẹ jẹ́ kó tẹ̀ tó 1.5 mm.

Irin EN8, tí wọ́n sábà fi ń ṣe ṣáàfù, ni kí ẹ bèèrè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé irin rọ́ọ̀dù tí wọ́n fi ń kọ́ ilé wá fún tọ́nà kankan pé kó pọ́n ọn di ṣáàfù. Kò dọ́gba nínú, ibì kan le bí òkúta, ibì kan rọ̀.

Pílétì 6 mm méjì tí wọ́n gbé wíìlì: ẹ so méjèèjì pọ̀ bí ìwé, ẹ fi kílámù há wọn, ẹ lu gbogbo ihò lẹ́ẹ̀kan náà, bíìtì 5 mm kọ́kọ́, kó tó kan ńlá. Bí ẹ bá lu wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wíìlì ọ̀tún àti òsì kò ní dojú kọ ibì kan náà, ọkọ̀ á máa fà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ óò sì máa bú róbà. Ohunkóhun tí wẹ́dà bá máa jó mọ́ pílétì, kó jó o kí ẹ tó lu ihò béárìn. Iná ń fa irin.

---

Oníwáyà_Ìdó

Kọ̀ntírólà yín kò bàjẹ́. Ebi ló ń pa á.

Mọ́tò méjèèjì á máa jẹ nǹkan bí 27 A bó bá ń ṣiṣẹ́ tó pé, ìgbéra lórí òkè lè gbé e dé 40 A. Wáyà 1.5 mm², mítà 3 lọ, mítà 3 bọ̀, ìdènà rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 0.072 Ω. Ní 40 A, fólítì 2.9 ti ṣègbé sínú wáyà lásán. Bátìrì kékeré 7 Ah méjì fúnra wọn á jẹ bíi fólítì 2 nínú ara wọn lábẹ́ ẹrù yẹn. Láti 25 tí ẹ bẹ̀rẹ̀, nǹkan bí 20 ló dé ẹnu kọ̀ntírólà. Ọ̀pọ̀ kọ̀ntírólà 24 V ọlọ́wọ́ pọ́ọ́kú máa ń pa ara rẹ̀ bí fólítì bá ti sún mọ́ 21 kí bátìrì má baà kú. Iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe.

Ẹ má gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ lásán. Ẹ fi mítà sí ẹnu kọ̀ntírólà gan-an, kì í ṣe sí ẹnu bátìrì, kí ẹnì kan máa wò ó bí ọkọ̀ ṣe ń gbéra. Lẹ́yìn náà ẹ gbé mítà lọ sí ẹnu bátìrì, ẹ tún un ṣe. Ìyàtọ̀ méjèèjì ni wáyà yín ń jẹ.

Wáyà 6 mm² á sọ 2.9 yẹn di 0.7. Bátìrì 18 Ah méjì á mú èyí tó kù rọlẹ̀. Fíúsì 40 A, kó má jìnnà sí orí bátìrì ju ìbú ọwọ́ kan lọ, torí wáyà tó wà láàárín bátìrì àti fíúsì kò ní olùgbèjà. Bí kọ̀ntírólà bá ní ibi tí wọ́n ti ń dín ìyára ìgbéra kù, ẹ dín in kù. Ó ń ran wíìlì lọ́wọ́ náà.

---

Ìyá_Ẹ̀rọ_Ọ̀yẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ̀gbọ́n Ìkẹ́rẹ́ ṣírò dáadáa, ṣùgbọ́n ó gbàgbé ìsopọ̀. I-beam méjì lẹ so pọ̀ lórí òpó àárín. Bí ẹ bá fi pílétì àti bóòtù so ètè ìsàlẹ̀ láti abẹ́, wíìlì sípíríǹgì tó ń rìn lábẹ́ á kọ lu orí bóòtù yẹn ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Ẹ yọ pílétì abẹ́ kúrò. Ẹ fi pílétì méjì há irin àárín tó dúró, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, bóòtù M12 mẹ́rin-mẹ́rin lápá I-beam kọ̀ọ̀kan, kí òpó fúnra rẹ̀ gbé ètè òkè àwọn méjèèjì. Ẹ wo bí orí bóòtù wọ̀nyí ṣe yọ tó, kí etí inú wíìlì má kàn án: 18 mm ni àyè yín láti àárín, ẹ yọ 2.8 mm irin kúrò nínú rẹ̀, ẹ yọ ìnípọn pílétì náà. Bóòtù kò gbọ́dọ̀ wà ní ìsàlẹ̀ débi tí wíìlì dé, ẹ gbé gbogbo wọn sókè ju 110 mm lọ láti orí ètè. Bí ètè kan bá ga ju èkejì lọ lójú ìsopọ̀, ẹ fi gíráńdà pọ́n ọn kó rọra sọ̀, mm kan láàárín 50 mm. Ẹ má jó irin mọ́ ọn.

Ó kan afẹ́fẹ́ tó ń gbé ẹsẹ̀ wíìlì. Àpótí tó bá fẹ̀ tó ìdajì mítà onígun mẹ́rin lẹ́gbẹ̀ẹ́, bí afẹ́fẹ́ 15 m/s bá fẹ́ lù ú, á tì í pẹ̀lú bíi 74 N. Ìyẹn kì í ṣe ìjì ńlá, irú èyí tó ń ṣáájú òjò oṣù kẹrin ni. Ní 500 mm sísàlẹ̀ réèlì, títì yẹn di agbára yíyí tó tó 37 N·m. Ohun tó ń kọ̀ fún un ni ìwúwo ọkọ̀ lórí wíìlì tí ọ̀tún àti òsì rẹ̀ jìnnà síra ní 64 mm péré, ìyẹn 1,177 N lórí 32 mm, ó jẹ́ 37.7 N·m. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Kò yẹ kó yà yín lẹ́nu pé wíìlì ń gbé ẹsẹ̀.

Ẹ má jà á mọ́, ẹ jẹ́ kí àpótí náà fì. Ẹ gé páìpù tó de e gbọn-in, ẹ fi pín kan gbé e rọ̀, ní bíi 80 mm sísàlẹ̀ ojú ọ̀nà wíìlì. Afẹ́fẹ́ kan náà á tì í dé nǹkan bí 3 díg͏írì, ohun tó máa dé ọ̀dọ̀ wíìlì kò ní ju 6 N·m lọ. Ọkọ̀ Wuppertal náà ń fì bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa: pín yẹn gbọ́dọ̀ na gbọọrọ bí réèlì ṣe na, kí àpótí lè fì sọ́tùn-ún sósì nìkan. Bí ẹ bá gbé e dábùú, àpótí á máa fì síwájú sẹ́yìn, á máa dúró ṣánṣán lórí òkè, 65% tí Ẹ̀gbọ́n ń sọ á sì pòórá. Wíìlì òkè àti ti ìsàlẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé ẹrù kan náà, ẹ óò padà sí ibi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Pín M12 tí agbára irin rẹ̀ jẹ́ ìpele 8.8, kó ní nọ́ọ̀tì olórí adé àti split pin. Ẹrù yín kò lè gé e, kò tilẹ̀ dé ibẹ̀ rárá. Ohun tó ń pa irú pín bẹ́ẹ̀ ni kí ihò rẹ̀ gbòòrò díẹ̀díẹ̀ tàbí kí nọ́ọ̀tì tú lọ nítorí fífì. Ẹ fi búùṣì idẹ sí ihò rẹ̀, ẹ fi gírísì sí i.

Kó má baà máa fì bí olókùn-jangilọ́fà, ẹ mú pílétì kílọ́ọ̀ṣì ọ̀kadà méjì, ẹ fi há ẹ̀gbẹ́ pín náà, ẹ fi sípíríǹgì wáṣà tẹ̀ ẹ́. Ẹ ti àpótí sí 5 díg͏írì, ẹ fi sílẹ̀, ẹ kà á. Bó bá fì ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ, ẹ fún nọ́ọ̀tì sí i. Bí kò bá padà sí àárín rárá, ẹ ti fún un jù. Ẹ fi róbà dá a dúró ní 8 díg͏írì lápá méjèèjì.

---

Akẹ́rọ_Adó

Ẹ ṣé gan-an mà, ẹ ṣé ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. A wọn ètè náà báyìí: ìlà tí róbà fi sílẹ̀ lórí irin wà lórí kọrọdọ yẹn gan-an, bí Tọ́nà ṣe wí.

Ìbéèrè kan ló kù, bíréèkì. Linear actuator (ọ̀pá tí mọ́tò iná ń nà tó sì ń fà padà) ni a fẹ́ fi máa ti bíréèkì mọ́ wíìlì. Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?

---

Ìyá_Ẹ̀rọ_Ọ̀yẹ́

Kò dáa, ọmọ mi, nítorí nǹkan méjì.

Àkọ́kọ́, linear actuator máa ń dúró síbi tó wà bí iná bá lọ. Bí wáyà bá já nígbà tí bíréèkì wà ní ṣíṣí, á wà ní ṣíṣí bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ á fi máa sáré bọ̀. Sípíríǹgì ni kó máa ti bíréèkì pa, kí iná jẹ́ ohun tó ń ṣí i.

Èkejì, ẹ má fi bíréèkì mú wíìlì. Wíìlì tí kò lè di irin tútù mú láti gòkè kò lè dì í mú láti dúró. Ètè I-beam fúnra rẹ̀ ni kí ẹ há, páàdì bíréèkì ọ̀kadà lókè, òmíràn lábẹ́, láàárín wíìlì iwájú àti ẹ̀yìn, lọ́tùn-ún àti lósì. Láti dá 120 kg tó ń sọ̀ ní 1.5 m/s dúró láàárín mítà kan, ẹ nílò 135 N, ẹ fi 117 N òkè kún un, ó jẹ́ 252 N. Fún irin tútù, ẹ tún fi 0.2 ṣírò: páàdì méjì-méjì, apá kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ há pẹ̀lú 315 N. Bí ọwọ́ tó ń tì í bá jẹ́ mẹ́ta sí ọ̀kan, sípíríǹgì 105 N lápá kọ̀ọ̀kan ti tó.

Ohun tó máa dì í mú ní ṣíṣí: mágínẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń fi sí ilẹ̀kùn ọ́fíìsì, ẹ̀dà kékeré 60 kg, 12 V. Ẹ fi ọwọ́ ṣí bíréèkì, mágínẹ́ẹ̀tì á gbá a mú. Bí iná bá lọ, á tú sílẹ̀. Kò fẹ́ àyè kankan láàárín òun àti irin tó ń gbá, eruku díẹ̀ pàápàá ń jẹ agbára rẹ̀, ẹ bò ó. Síbẹ̀, ẹ lẹ téèpù tín-ínrín kan mọ́ ojú rẹ̀, kó má baà dì í mú díẹ̀ lẹ́yìn tí iná ti lọ. Dáyódù (ẹ̀yà tó ń jẹ́ kí iná gba ọ̀nà kan ṣoṣo) tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ràn láti máa fi dábùú ẹnu irú kọ́ìlì bẹ́ẹ̀ ń jẹ́ kó pẹ́ kó tó tú. Bí ẹ bá máa fi sí i, ẹ to rẹ́sísítọ̀ tẹ̀lé e.

Àti okùn irin 6 mm kan láti bógì sí àpótí, kó má dẹ̀ ju 20 mm lọ. Ẹ tún jẹ́ kí pílétì ẹ̀gbẹ́ ní ẹ̀yọ irin tó wọlé sórí ètè, tó fi 5 mm ga jù ú lọ. Bí wíìlì bá fọ́, irin yẹn á jókòó sórí ètè, bógì kò ní já.

Kí ẹ tó rìn, kí ẹnì kan fi ojú tẹ̀lé réèlì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ẹ sì ka irinṣẹ́ tí ẹ gbé gòkè. Ní Wuppertal ní oṣù kẹrin 1999, irin kan tí àwọn òṣìṣẹ́ gbàgbé sórí réèlì lẹ́yìn àtúnṣe ni ọkọ̀ àkọ́kọ́ àárọ̀ kọ lù, ó já sínú odò, èèyàn 5 kú. Ọkọ̀ náà kò ní àbùkù kankan.

---

Akẹ́rọ_Adó

A gbọ́ mà. Irin wa ti ń dípẹtà o. Ẹnì kan ní ká fi ọ́ìlì kọ́ńdẹ́mù pa á, ẹlòmíràn ní ká kùn ún ní ọ̀dà.

---

Tọ́nà_Ìjìgbò

Ọ́ìlì kẹ̀! Gbogbo ìṣírò tí a ti ń ṣe láti àárọ̀ ni ẹ fẹ́ fi ọ́ìlì pa rẹ́. Ẹ kun gbogbo I-beam ní ọ̀dà, àyàfi ojú ọ̀nà wíìlì lórí àti lábẹ́ ètè. Bíi 35 mm ni, ẹ fi téèpù bò ó kí ẹ tó kùn. Ibi yẹn ni kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì wáyà ha ìpẹtà rẹ̀, ẹ nù ún pẹ̀lú tínà, kó sì gbẹ kí ẹ tó rìn. Wíìlì fúnra rẹ̀ á máa dán an.